‘Kò Rí I’ Kì Í Ṣe Orúkọ Àìsàn

Láàárín sáà yìí nìkan, mo ti gbọ́ gbólóhùn kan náà lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ní ẹ̀ka wa: “Mo ra SSD tuntun, kọ̀ǹpútà mi ò rí i.” Gbólóhùn kan ni, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi wọ́n léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló jáde. SSD ti ẹni àkọ́kọ́ kò wọnú ihò rẹ̀ tán. Ẹnì kejì ra irú èyí tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kì í gbà. Ti ẹnì kẹta, kọ̀ǹpútà ti rí i láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Windows ló ń dúró kí ẹnì kan wá sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ti ẹnì kẹrin nìkan ló kú lóòótọ́. Síbẹ̀, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹni tó ń bá wọn tún kọ̀ǹpútà ṣe ti sọ fún pé “ó ti kú, ẹ lọ ra òmíràn.” Ọ̀kan nínú wọn ti ń wá ẹni tó máa yá a lówó.

Èrò tèmi ni pé “kò rí i” kì í ṣe orúkọ àìsàn. Ìráhùn ni, bí ìgbà tí èèyàn bá ní “ara mi ò yá.” Dókítà tó bá gbọ́ “ara mi ò yá” tó sì kọ oògùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ ò ní padà lọ bá a. Ohun tó sì ń ká mi lára jù ni pé ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá èdè la wà. Láti ọdún kìíní ni wọ́n ti ń kọ́ wa pé gbólóhùn kan lè ní ju ìtumọ̀ kan lọ, a ti ya igi gbólóhùn títí ọwọ́ ń ro wá, a sì ti dáhùn ìbéèrè lórí ọ̀rọ̀ pọ́n-na nínú ìdánwò. Tó bá wá kan ohun tí a fi owó oúnjẹ rà, a ó gbé gbólóhùn pọ́n-na lọ bá oníṣẹ́, a ó sì gba ìdáhùn yòówù tó bá fún wa.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré fún wa. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò, háàdì dísìkì àtijọ́ tó ń yí bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. SSD kò ní ohun kankan tó ń yí nínú, ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà tó ti ń wọ́ ẹsẹ̀ fi máa ń sáré lẹ́yìn tí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣí Praat lórí kọ̀ǹpútà oní-háàdì dísìkì mọ ohun tí mo ń sọ. Àyè tún wà níbẹ̀. Ohùn tí a bá gbà sílẹ̀ ní 48 kHz, bíìtì 24, ọ̀nà méjì, ju 1 GB lọ fún wákàtí kan. Ẹ fi fídíò tí ẹ fẹ́ tú sí ọ̀rọ̀ nínú ELAN kún un, ẹ ó rí i pé iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ẹnì kan ṣoṣo lè kún kọ̀ǹpútà àtijọ́ dẹ́nu. Nítorí náà, SSD kì í ṣe fáàrí. Òun ni ilé tí iṣẹ́ wa ń gbé.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí a bi ara wa rọrùn, gírámà lásán ni: ta ni olùwà? Ta ni kò rí i? Nítorí pé “kọ̀ǹpútà” kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ wò ó bí àlejò tó dé sí ilé ńlá kan. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ń ṣọ́ géètì má rí i rárá. Ó sì ṣeé ṣe kí onígéètì rí i, kí àwọn ará ilé má dá a mọ̀. Ó tún ṣeé ṣe kí wọ́n dá a mọ̀, kó ti jókòó sí pálọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tíì fún un ní yàrá. Lójú ẹni tó wà ní ìta, bákan náà ni gbogbo rẹ̀: àlejò kò tíì wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tó yẹ ká lọ bá yàtọ̀ síra.

Onígéètì ni BIOS, ohun tó ń jí kí Windows tó jí. Ẹ tan kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì máa tẹ bọ́tìnnì tó ń ṣí i: F2 ni lórí ọ̀pọ̀ Dell, F10 lórí HP, F1 tàbí F2 lórí Lenovo, Delete lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Ẹ wá ibi tí wọ́n to àwọn ohun ìpamọ́ sí, kí ẹ wò bóyá orúkọ SSD yín wà níbẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ, kò sì ba nǹkan kan jẹ́ tí ẹ kò bá yí nǹkan kan padà. Ìṣẹ́jú méjì yìí ni mo rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò.

Tí onígéètì kò bá rí i, ọ̀rọ̀ náà kò tíì kan Windows. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ tún Windows fi sí i nígbà yẹn ń tàn yín ni, tàbí ó ń tan ara rẹ̀. Ihò tàbí irú SSD náà ló yẹ kí a kọ́kọ́ wò. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ ṣájà, ẹ tú bátìrì kúrò lára bọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. SSD M.2, èyí tó rí pẹlẹbẹ bíi ṣúìǹgọ́ọ̀mù, máa ń wọlé ní ìdàgẹ̀rẹ̀: ẹ tì í wọlé dáadáa, ìdí rẹ̀ á gbé sókè díẹ̀, ẹ wá tẹ̀ ẹ́ balẹ̀, kẹ́ ẹ fi súkúrù rẹ̀ dè é. Tí ẹ bá ṣì ń rí púpọ̀ nínú irin aláwọ̀ góòlù ẹnu rẹ̀ níta, kò tíì wọlé. Lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ń lo SSD alápòótí, wáyà méjì ló wà, ọ̀kan fún ọ̀rọ̀, ọ̀kan fún iná. Ọ̀pọ̀ máa ń rántí ọ̀kan, wọ́n á gbàgbé ìkejì.

Ibi tó le ni ti irú SSD, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró sí díẹ̀, torí àwa gan-an ló yẹ kó tètè yé. Inú ọjà, wọ́n á ní “SSD M.2.” M.2 kì í ṣe èdè, àkọtọ́ ni. Álífábẹ́ẹ̀tì Látíìnì la fi ń kọ Yorùbá, òun náà ni wọ́n fi ń kọ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Ẹni tó mọ lẹ́tà náà kò tíì gbọ́ èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni M.2 ṣe jẹ́ orúkọ ìrísí lásán: bí ó ṣe fẹ̀ tó, bí ó ṣe gùn tó. Nọ́ńbà 2280 tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ń sọ pé ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 22, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ mílímítà 80. Nọ́ńbà yẹn kò sọ èdè tó ń sọ. Àwọn kan ń sọ SATA, èdè tí háàdì dísìkì ti ń sọ tipẹ́. Àwọn yòókù ń sọ NVMe, tí ìlànà rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní ọdún 2011, tó sì yára jùyẹn lọ fíìfíì. Ihò mìíràn gbọ́ èdè méjèèjì. Ihò mìíràn ọ̀kan ṣoṣo ló gbọ́.

Ìdẹkùn tó wà níbẹ̀ ni pé ìrísí lè bá ara mu kí èdè má bá ara mu. M.2 oní-SATA sábà máa ń ní ibi gígé méjì lẹ́nu, ti NVMe sì sábà máa ń ní ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n onígígé méjì máa ń wọ ihò tí wọ́n ṣe fún onígígé kan láìsí wàhálà. Á wọlé, súkúrù á dè é, gbogbo nǹkan á dọ́gba, BIOS á sì dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n bá sọ èdè tí kò gbọ́. SSD kò bàjẹ́. Ihò kò bàjẹ́. Ẹni tó bá ní “ó ti kú” nígbà yẹn ti pa ohun tó wà láàyè. Ẹ kàn máa lọ sí ojú ewé ilé iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà yín, kẹ́ ẹ tẹ nọ́ńbà kọ̀ǹpútà náà gan-an, kẹ́ ẹ ka ohun tí ihò rẹ̀ ń gbà kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ kan. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ olùtajà, ẹ má béèrè “SSD láptọ́ọ̀pù.” Ẹ béèrè “M.2 2280, NVMe,” tàbí “SATA.” Ojú olùtajà máa ń yí padà tó bá gbọ́ ọ.

Lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì, nǹkan mìíràn wà tó máa ń da èèyàn láàmú: lórí àwọn bọ́ọ̀dù kan, bí ẹ bá ti fi SSD sínú ihò M.2, bọ́ọ̀dù náà á pa ẹnu SATA kan tàbí méjì, nítorí ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń gbà. Ẹ fi tuntun sí i, ti àtijọ́ pòórá. Ẹ gbé wáyà ti àtijọ́ lọ sí ẹnu mìíràn, ó tán. BIOS tó ti pẹ́ náà lè má mọ SSD tuntun, ilé iṣẹ́ tó ṣe é sì lè ti gbé èyí tó tuntun jáde. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é lórí iná lásán. Bí iná bá lọ láàárín ìgbà tí BIOS ń pààrọ̀ ara rẹ̀, bọ́ọ̀dù odindi lè kú, ẹ ó sì wá gbàgbé SSD. Kí bátìrì kún, kí ṣájà wà lára rẹ̀.

Ó kan àwọn ará ilé wàyí. BIOS rí i, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ fẹ́ fi Windows sí i láti orí fláàṣì, àtẹ tó yẹ kó hàn ṣófo. Èyí wọ́pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Intel láti ìran kọkànlá síwájú, nítorí ohun kan tí wọ́n ń pè ní VMD tó dúró sáàárín SSD àti Windows. Ẹ lọ gba dráífà Intel RST lójú ewé ilé iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà, ẹ tú u sórí fláàṣì, ẹ tẹ “Load driver,” SSD á yọjú. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ kàn pa VMD nínú BIOS. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ tí Windows kan bá ti wà lórí kọ̀ǹpútà náà tẹ́lẹ̀, ó lè kọ̀ láti jí lẹ́yìn ìyẹn. Ẹni tó bá sì ṣì ń lo Windows 7 tó jáde ní 2009, kó rántí pé NVMe kò tíì sí láyé nígbà náà. Kò sí ìdí tó fi yẹ kó mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù, torí òun ló rọrùn jù, ni ti àlejò tó wà ní pálọ̀ tí kò ní yàrá. SSD tuntun sábà máa ń dé láìní nǹkan kan lórí, kò sí ìpín, kò sí fọ́máàtì, nítorí náà kò ní lẹ́tà D: tàbí E: tó máa fi hàn nínú This PC. Ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ Start, ẹ yan Disk Management. Ẹ ó rí i níbẹ̀ tí wọ́n kọ “Not Initialized” tàbí “Unallocated” sí i lára. Ẹ yan GPT, torí MBR kì í lè lo ohun tó bá ju 2 TB lọ, ẹ wá yan New Simple Volume, NTFS, ẹ fún un ní lẹ́tà. Ó tán. Mo mọ ẹni tó san owó iṣẹ́ fún èyí, tí wọ́n sì sọ fún un pé wọ́n “tún SSD ṣe.” Nǹkan kan kò bàjẹ́ tí wọ́n tún ṣe.

Tí ẹ bá ra 500 GB, tí Windows ní 465 lòun rí, kò sí ẹni tó jí nǹkan kan. Ẹgbẹ̀rún ẹgbẹ̀rún ni àwọn tó ṣe é fi ń kà, 1,024 ni Windows fi ń kà. Ṣùgbọ́n ayédèrú wà lọ́jà lóòótọ́, èyí tí wọ́n kọ 2 TB sí lára tí inú rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́wàá ìyẹn. H2testw lórí Windows tàbí F3 lórí Linux máa ń kọ nǹkan sínú rẹ̀ títí tó fi kún, á wá kà á padà. Ẹ ṣe é nígbà tí SSD ṣì ṣófo, tí ìwé ẹ̀rí ìsanwó ṣì wà lọ́wọ́.

Ojú ewé Disk Management yẹn náà ni ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí jù fún wa. SSD tuntun àti háàdì dísìkì àtijọ́ máa ń tò sára wọn níbẹ̀, Disk 0, Disk 1, ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìlà gbọọrọ tirẹ̀, kò sì sí èyí tí orúkọ yín wà lára rẹ̀. Ẹni tí inú ń bí, tó fẹ́ parí ọ̀rọ̀, lè pa ìpín tí kì í ṣe tuntun rẹ́. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà, ẹ ka bí ó ṣe tóbi tó, kẹ́ ẹ sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Bí SSD náà kì í bá ṣe tuntun, tó jẹ́ pé iṣẹ́ wà lórí rẹ̀ lánàá, tí Windows wá ń béèrè lónìí pé ṣé kí òun bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lákọ̀tun, ẹ má tẹ nǹkan kan. Ìbéèrè kan náà ni, lórí èyí tó ṣófo, kò sí ewu. Lórí èyí tí iṣẹ́ wà, ó lè jẹ́ òpin rẹ̀. SSD kò sì dà bíi háàdì dísìkì tí wọ́n lè padà wá nǹkan jáde nínú rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Tí ẹ bá pa nǹkan rẹ́, Windows á ránṣẹ́ sí SSD pé kò nílò ibẹ̀ mọ́, òun náà á sì gbá a mọ́ fúnra rẹ̀. Ìyá arúgbó tó sọ àlọ́ fún yín ní abúlé ní oṣù kejì lè má sí láyé mọ́ ní oṣù kẹsàn-án. Kò sí ẹni tó máa lọ gba ohùn yẹn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí ni tèmi níbẹ̀, kí a jẹ́ kí oníṣẹ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Mi ò bá oníṣẹ́ jà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ wà, àwọn náà ló máa ń kọ́kọ́ béèrè pé “kí ni BIOS sọ?” Ṣùgbọ́n orí ohun tí a bá sọ ni oníṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá wọlé pẹ̀lú “BIOS rí i, Windows tí mo fẹ́ fi sí i ni kò dá a mọ̀” ti gé ìdajì iṣẹ́ kúrò, kò sì rọrùn láti sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ó ti kú. Àwọn mìíràn á ní kí á kàn wo fídíò lórí YouTube. Mo ti wo wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ ohun mẹ́wàá kẹ́ ẹ ṣe léraléra, tó bá ṣiṣẹ́, ẹ ò ní mọ èwo nínú mẹ́wàá ló ṣe é. Ohun tí wọ́n kọ́ wa nínú ẹ̀kọ́ ìró dára jùyẹn lọ. Báwo la ṣe mọ̀ pé ohùn ló ya ọkọ́ sọ́tọ̀ sí ọkọ̀? A fi gbogbo nǹkan yòókù sílẹ̀ bó ṣe wà, a pààrọ̀ ohun kan ṣoṣo. Ẹ fi SSD náà sínú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn tó ń gba irú rẹ̀. Tó bá rí i, SSD kò ní ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ wá fi SSD mìíràn tó dájú pé ó ń ṣiṣẹ́, irú kan náà, sínú ihò tiyín. Tí kò bá rí ìyẹn náà, ihò ni tàbí BIOS. Kí a tó ṣe méjèèjì, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ pé nǹkan ti kú.

Àwọn kan tún gbà pé Yorùbá kò lè gbé irú ọ̀rọ̀ yìí. Lójú tèmi, ó lè gbé e dáadáa, bí a bá jáwọ́ nínú fífi “rí” bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tó wà lójú kọ̀ǹpútà pàápàá kì í yà wọ́n sọ́tọ̀ dáadáa. Mo dá a lábàá pé kí a máa sọ pé BIOS *kò fojú kàn án*, Windows *kò dá a mọ̀*, tàbí pé ó dá a mọ̀ ṣùgbọ́n *kò tíì gbà á sílé*. Ẹ̀yà ìṣe mẹ́ta, ibi mẹ́ta tí ọwọ́ yẹ kó lọ. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí olóòtú.

Mo sì ní ẹ̀bẹ̀ kan sí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa. Lọ́dọọdún la máa ń ra ẹ̀wù, a máa ń ra ohun mímu. Kí a yọ díẹ̀ nínú rẹ̀, kí a ra àpótí kékeré tí wọ́n ń fi SSD sí tí yóò fi ṣeé kì bọ USB, àti súkúdíráfà wẹ́wẹ́, kí ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé, kí ẹni tó bá nílò rẹ̀ fi káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ yá a fún ọjọ́ kan. Àpótí yẹn nìkan tó láti dá ìbéèrè àkọ́kọ́ lóhùn: ṣé SSD ni, àbí kọ̀ǹpútà? Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, tí ẹ bá ní èyí tí ẹ kò lò mọ́ nílé, a ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Kí ẹni tó bá sì máa lọ rà á rántí béèrè kó tó sanwó, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba NVMe nìkan, àwọn kan sì ń gba SATA nìkan. Èyí tó ń gba méjèèjì la fẹ́.